Òfin Ẹ̀jẹ̀ àwọn Cherokee: Kí Ló Jẹ́, Kí Ló sì Bà Á Jẹ́?

Òfin ẹ̀jẹ̀ ni àwọn Cherokee, ọmọ onílẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, fi ń yanjú ọ̀ràn ìpànìyàn kí wọ́n tó ní kóòtù. Ìdílé méje ni wọ́n pín sí, bíi ìdílé Ìkookò, ti Àgbọ̀nrín àti ti Ẹyẹ. Ìdílé ìyá lọmọ ń jẹ́, kì í ṣe ti bàbá bíi tiwa. Bí ẹnì kan bá pa ará ìdílé mìíràn, ì báà ṣe àṣìṣe, ìdílé rẹ̀ ti jẹ gbèsè ẹ̀mí kan. Bí apànìyàn bá sá lọ, wọ́n lè pa ìbátan rẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn tó ń pe èyí ní ìwà ẹhànnà kò wo ibi tó parí sí: tí wọ́n bá ti san ẹ̀mí kan yẹn, ọ̀rọ̀ tán. Ìdílé tó san án kò gbọdọ̀ gbẹ̀san padà. Ẹni tó bá sì sá dé ìlú Chota, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án níbẹ̀.

Òyìnbó kò sí nínú ìdílé méjèèje. Ta ni yóò wá san gbèsè rẹ̀? Òyìnbó èyíkéyìí ni. Ní 1758, àwọn òyìnbó Virginia pa àwọn jagunjagun Cherokee tó ń darí bọ̀ wálé. Àwọn òyìnbó Carolina tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni wọ́n fi ẹ̀mí san án. Lójú àwọn Cherokee, gbèsè tán. Lójú òyìnbó, ogun dé.

Àdéhùn Hopewell ti 1785, láàrin Amẹ́ríkà àti àwọn Cherokee, kọ̀wé pé kò tọ́ láti fìyà jẹ aláìṣẹ̀ ní orúkọ ẹ̀san, níhà méjèèjì. Ní 1788, àwọn Cherokee kan pa ẹbí òyìnbó kan, John Kirk, ènìyàn 11. Olóyè Cherokee kan, Old Tassel, tó ti ń wá àlàáfíà tipẹ́, jáde wá bá àwọn ọmọ ogun òyìnbó lábẹ́ àsíá funfun. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti ẹbí Kirk fi àáké pa á. Ohun tí àwọn òyìnbó ń bú àwọn Cherokee fún gan-an ni wọ́n ṣe yẹn, láìní Chota kankan.

Ní 1808, ìgbìmọ̀ Cherokee dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin sílẹ̀, ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà: ọ̀gá ń gba dọ́là 50 lọ́dún, igbákejì 40, àwọn mẹ́rin yòókù 30. Wọ́n ní bí ọlọ́pàá bá pa ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè ẹṣin kàn tó gbé ohun ìjà dojú kọ wọ́n, kò sí ẹ̀san. Ní 1810, ìdílé méjèèje fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí òfin ẹ̀jẹ̀.

Àmọ́ ní 1829, ìpínlẹ̀ Georgia ṣòfin pé Cherokee kò lè jẹ́rìí ní kóòtù níbi tí òyìnbó bá ti ní ẹjọ́. Ní oṣù Kejìlá 1830, wọ́n so ará Cherokee kan, George Tassel, kọ́ fún ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ Cherokee, nígbà tí ìwé àṣẹ Kóòtù Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà lórí ẹjọ́ náà ti wà lọ́wọ́ wọn.