Okùn Ẹsẹ̀ Olórí Àlùfáà

Kò sí bí wọ́n ṣe máa wàásù lórí ìwà mímọ́ kí okùn yìí má yọjú. Wọ́n á ní ní Ọjọ́ Ètùtù, kí olórí àlùfáà àwọn Júù tó wọ Ibi Mímọ́ Jùlọ, yàrá inú lọ́hùn-ún nínú tẹ́ńpìlì, wọ́n máa ń so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò kú síbẹ̀, ṣaworo etí aṣọ rẹ̀ á dákẹ́, àwọn tó wà níta á sì fi okùn wọ́ òkú rẹ̀ jáde. Ìjọ á wá ké “Háà! Jésù!”

Okùn kankan ò sí nínú Bíbélì. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, Léfítíkù 16 kò gùn, kó lọ kà á. Ṣaworo gan-an ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, torí òun ni wọ́n fi ń gbé ìtàn náà ró. Lóòótọ́, Ẹ́kísódù 28 ní ṣaworo wúrà wà létí aṣọ ìgúnwà àlùfáà, ká lè máa gbọ́ ìró rẹ̀, kó má baà kú. Ṣùgbọ́n Léfítíkù 16:4 ní aṣọ ọ̀gbọ̀ ni yóò wọ̀ wọlé lọ́jọ́ yẹn: ẹ̀wù, ṣòkòtò, àmùrè, láwàní. Ó ti bọ́ aṣọ oníṣaworo sílẹ̀. Ṣaworo wo wá ni àwọn ará ìta ń tẹ́tí sí?

Mishnah, ìwé òfin àwọn Júù tí àwọn rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ òfin wọn, kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, ro ètò ọjọ́ náà délẹ̀délẹ̀. Láti ọjọ́ méje ṣáájú ni olórí àlùfáà ti ń kúrò nílé. Wọ́n á yan ẹlòmíràn sílẹ̀, bóyá nǹkan lè ṣe é. Bó bá jáde, àdúrà rẹ̀ kì í gùn, kí àyà àwọn èèyàn má baà já. Gbogbo èyí ni wọ́n rántí, okùn nìkan ni wọ́n gbàgbé! Ìwé yìí kan náà ní aṣọ ìkélé méjì ló wà níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan láàárín wọn: ti ìta ṣí lápá gúúsù, ti inú ṣí lápá àríwá. Ẹ wá fi okùn fa òkú àgbàlagbà gba kọ̀rọ̀ yẹn kí n wò ó.

Wọ́n á ní ẹlòmíràn ò lè wọlé lọ gbé e. Mishnah ní bí àtúnṣe bá délẹ̀ níbẹ̀, inú àpótí ni wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ sí, tí wọ́n á sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láti òkè, kí ojú wọn má baà máa rìn káàkiri. Nígbà tí Nádábù àti Ábíhù, àwọn ọmọ Áárónì, sì kú níwájú Olúwa, àwọn ìbátan wọn ló wọlé gbé wọn tẹ̀wù-tẹ̀wù.

Inú Zohar ni okùn náà ti yọ, ìwé awo àwọn Júù tó jáde ní Sípéènì lápá ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Ọdún 70 ni tẹ́ńpìlì ti wó. Ó lé ní 1,200 ọdún láàárín wọn.

Mi ò lè búra pé àlùfáà kan ò so okùn mọ́sẹ̀ rí. Ẹ̀rù lè mú èèyàn ṣe ohunkóhun. Kò kàn sí ẹlẹ́rìí ni. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé yàrá yẹn kan náà ni Hébérù 10 ń tọ́ka sí nígbà tó ní ká fi ìgboyà wọlé nípa ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ẹni tó bá wá ń fi okùn dẹ́rù bà yín títí ẹ ò fi lè sún mọ́ Oúnjẹ Olúwa mọ́, ẹ béèrè orí àti ẹsẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní “ìtàn sọ pé”, ẹ béèrè ìtàn wo.