Kí ló dé tí a ṣì ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí?

Ìbéèrè: Bí ènìyàn bá ti mọ òpin ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ṣebí adùn rẹ̀ ti tán. Kí ló dé tí àwọn tó ti ka ìwé Òkédìjí tán ṣì ń tún un kà?

Ìdáhùn: Àṣírí ọ̀daràn nìkan kọ́ ni Òkédìjí, ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ tí ó papò dà ní ọdún 2019, gbé ìtàn rẹ̀ lé. Nígbà tí ìwé rẹ̀, Àjà Ló Lẹrù, jáde ní ọdún 1969, ìtàn ọdẹ, iwin àti igbó irúnmọlẹ̀, irú èyí tí D. O. Fágúnwà fi lélẹ̀ láti ọdún 1938, gbajúmọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ń ka ìwé Yorùbá. Òkédìjí mú ẹ̀rù kúrò nínú igbó wá sí ìgboro àti ojú títì, níbi tí ó jẹ́ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara, tí ó lè máa gbé ládùúgbò ẹni, ni a óò máa sá fún. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ni ó ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú ìwé yìí àti nínú Àgbàlagbà Akàn tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1971. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú ìtàn wọ̀nyí ni èmi kà sí ẹ̀bùn rẹ̀ tó ga jù: wọ́n ń pòwe, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ara wọn jẹ, débi pé ẹni tó ti mọ ọ̀daràn yóò tún fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe ń purọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ìwé òyìnbó, bíi ìtàn ọ̀daràn James Hadley Chase, ni ó wò kọ?

Ìdáhùn: Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wà lókè òkun tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Chase fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Lápàdé ní tirẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára èdè Yorùbá tí a fi dá a.

Ìbéèrè: Ìwé wo ni ó fi ipa rẹ̀ hàn jù?

Ìdáhùn: Atótó Arére, tí ó jáde ní ọdún 1981. “Ta ló ṣe é?”, tí Kọ́lá Akínlàdé, òǹkọ̀wé Yorùbá mìíràn, fi ṣe òpómúléró ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, kọ́ ni ìbéèrè tó gbilẹ̀ níbẹ̀, bí kò ṣe bí ọmọ kan, Àlàbá, ṣe di ọ̀daràn. Òkédìjí kò fi ìwà ọmọ náà pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ilé tí wọ́n bí i sí bọ́ nínú ẹ̀bi rẹ̀.