Bí Etí Ọmọdé Ṣe Ń Wọnú Orin Ọ́kẹ́sírà

Bí wọ́n bá mú ọmọ ọdún mẹ́fà síwájú ọ́kẹ́sírà ńlá, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin tó ń lo oríṣiríṣi ohun èlò pọ̀, tí wọ́n ní kó dákẹ́ kó máa gbọ́, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí àga, á sì máa béèrè ìgbà tí wọ́n máa parí. Orin náà kò ju orí rẹ̀ lọ. Ohùn ló ń rọ́ wọ etí rẹ̀ látìhín látọ̀hún, kò sì sẹ́ni tó sọ èyí tó yẹ kó dì mú fún un. Ọ̀nà tó gbéṣẹ́ jù tí àwọn olùkọ́ orin fi ń tú u sílẹ̀ ni pé kí orin tó bẹ̀rẹ̀, wọn á ti fún etí rẹ̀ níṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tó bá ń wá nǹkan nínú orin kì í ráyè sùn.

Orin tó fi iṣẹ́ yìí hàn dáadáa jù ni Peter àti Ìkookò, tí Sergei Prokofiev kọ ní Moscow lọ́dún 1936. Natalya Sats, obìnrin tó ń darí ilé ìṣeré àwọn ọmọdé níbẹ̀, ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ náà, káwọn ọmọ lè dá ohun èlò orin mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, ọ́kẹ́sírà á máa fi orin ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ìtàn tó gbéra, asọ̀tàn á kọ́kọ́ fi ohùn oníkálukú han àwọn ọmọ. Flute, fèrè tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lókè, ni ẹyẹ. Oboe, fèrè tó ń dún bí ẹni tó ń ranmú, ni pẹ́pẹ́yẹ. Clarinet, fèrè tó ń yọ́ rìn nísàlẹ̀, ni ológbò. Bassoon, fèrè gígùn olóhùn kẹ̀kẹ̀, ni bàbá àgbà tó ń kùn. French horn mẹ́ta, fèrè onídẹ, tó ń dún pọ̀ ni ìkookò. Fayolíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ olókùn ni Peter fúnra rẹ̀. Ìbọn àwọn ọdẹ sì ń dún látinú ìlù timpani àti ìlù ńlá.

Àfihàn yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Nígbà tí ìtàn bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ ti ní ohùn méje nípamọ́. Bí clarinet bá ti wọlé, ó ti mọ̀ pé ológbò ń bọ̀ kí asọ̀tàn tó lanu. Prokofiev kò sì jẹ́ kí ohùn kankan dúró sójú kan. Bí ológbò bá sáré gun igi nítorí ìkookò, clarinet náà á sáré, á máa gòkè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ìkookò bá gbé pẹ́pẹ́yẹ mì, oboe á tún dún jẹ́jẹ́, tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Nígbà tí wọ́n bá wá ń tò lọ sí ọgbà ẹranko ní ìparí, asọ̀tàn á ní káwọn ọmọ tẹ́tí dáadáa: pẹ́pẹ́yẹ ṣì ń ké nínú ikùn ìkookò, torí pé lódindi ló gbé e mì. Ọmọ tó bá ti gbọ́ oboe yẹn kí wọ́n tó sọ fún un ti ń gbọ́ ọ́kẹ́sírà bó ṣe yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe nílé tàbí ní kíláàsì pẹ̀lú orin tí kò gùn ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ ká mú orin ààfin ọba òkè tí Edvard Grieg, ará Norway, kọ fún eré Peer Gynt, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1876. Orin kan náà ló ń pa dà wá léraléra, ó ń yára sí i, ó sì ń le sí i. Nígbà àkọ́kọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ń yára ni àbí ó ń falẹ̀? Nígbà kejì, káwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ rìn ín, kí wọ́n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ìlù orin fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tí wọ́n máa sáré. Nígbà kẹta, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dijú, kí wọ́n na ọwọ́ sókè nígbà tí orin bá kúrò lọ́wọ́ àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ fayolíìnì. Àtúngbọ́ kì í sú ọmọdé. Ọmọ tó ń ní kí wọ́n tún àlọ́ ìjàpá pa fún òun lálaalẹ́ kò ní kọ orin àtúngbọ́; àgbà ló máa ń fẹ́ sáré lọ sórí òmíràn.

Ìbéèrè náà ní bó ṣe ń rí. “Ṣé ó dùn?” kì í mú ohunkóhun jáde ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ. “Ta ló kọ́kọ́ wọlé?” ń rán etí jáde. Nígbà míì, ọwọ́ dáa ju ẹnu lọ. Nínú Symphony 94, orin gígùn ọ́kẹ́sírà tí Joseph Haydn gbé jáde ní London lọ́dún 1792, apá kejì ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin jẹ́jẹ́ kan, wọ́n tún un ṣe, ó tún jẹ́jẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, àfi gbàù! gbogbo ọ́kẹ́sírà lu ohùn kan pọ̀. Káwọn ọmọ máa fi àlàfo àárín àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì wọn bí ohùn ṣe tó. Ọwọ́ wọn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn tán kí ohùn yẹn tó já lù wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀.

Ìtàn wúlò, àmọ́ ó níbi tó ń dé. Ní January 18, 1958, Leonard Bernstein, olùdarí orin, àti ọ́kẹ́sírà New York Philharmonic bẹ̀rẹ̀ ètò àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe títí di 1972. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó sọ ìtàn kan nípa Superman, ó sì fi orin Don Quixote ti Richard Strauss tì í lẹ́yìn. Orin náà bá ìtàn mu rẹ́gí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ìtàn tí Strauss ní lọ́kàn gan-an, tí kò jọ ti Superman rárá, orin kan náà sì tún bá a mu. Àwọn ọmọ fi etí ara wọn rí i pé ohùn orin kò so mọ́ ìtàn kan ṣoṣo. Ibi tó yẹ kí wọ́n bọ́ sí lẹ́yìn Peter nìyẹn: kí wọ́n máa béèrè ohun tí orin ń ṣe, yálà ìtàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. The Young Person's Guide to the Orchestra, orin tí Benjamin Britten kọ lọ́dún 1945, dáa fún èyí, torí pé orin kan látọwọ́ Henry Purcell ló ń gbé kiri láti ohun èlò kan dé òmíràn.

Ọmọ tó dàgbà láàárín dùndún kò bẹ̀rẹ̀ lófo. Ó ti mọ̀ pé ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, tí àwọn omele ń dá ohun kan náà lé e lórí, ó sì ti máa ń bi ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Kí ló ń wí?” Etí kan náà ló máa lò. Fela Sowande, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí lọ́dún 1905, kọ African Suite lọ́dún 1944 fún àwọn olókùn nìkan. Apá tó kẹ́yìn, Akinla, ní ìjó háíláìfù nínú gan-an, láìsí ìlù kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ etí tó yẹ ibẹ̀ ni: ta ló ń ṣe iṣẹ́ onílù?

Fóònù máa ń ba gbogbo èyí jẹ́. Nínú orin ẹranko tí Camille Saint-Saëns kọ lọ́dún 1886, double bass ni erin, ohun èlò olókùn tó tóbi jù tí ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Sípíkà kékeré inú fóònù kò lè gbé ohùn yẹn, ni erin bá di ẹ̀fọn. Sípíkà tó nípọn díẹ̀, tàbí rédíò inú mọ́tò pàápàá, sàn jù. Bí àǹfààní gbọ̀ngán orin bá sì yọ, àga òkè ló yẹ ọmọdé. Ìdí fayolíìnì lẹ́ni tó wà níwájú ń rí. Ẹni tó wà lókè ń rí ọwọ́ tó fẹ́ lu timpani kó tó balẹ̀.