Workhouse tí wọ́n ń pariwo ẹ̀: ìbéèrè yín rèé, ìdáhùn náà rèé

Àríyànjiyàn owó ìrànwọ́ ìjọba tún ti bẹ̀rẹ̀ nílùú Ọba, wọ́n ní kí ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́ lọ wáṣẹ́ ṣe, ẹnì kan bá ní "wọ́n ti fẹ́ dá workhouse padà nìyẹn", làwọn èèyàn bá ń béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ni workhouse gan-an?
Ilé tí wọ́n ń kó aláìní sí láyé Queen Victoria, wọ́n á fún un lóúnjẹ àti ibùsùn, òun náà á sì máa ṣiṣẹ́. Ó ti wà tipẹ́, òfin 1834 ló tàn án ká England àti Wales.

Ẹni tó lágbára àmọ́ tí ò ríṣẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́?
Ibi tó dùn ún sọ nìyí. Àwọn tó ṣòfin gbà pé tí ìrànwọ́ bá fi lè dùn ju iṣẹ́ tó burú jù lọ, kò sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́ mọ́, torí náà ayé inú ilé yẹn gbọ́dọ̀ le ju ti lébìrà tó tòṣì jù níta. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lébìrà ọ̀hún fúnra ẹ̀, agbára káká ló fi ń rí búrẹ́dì jẹ, báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe tẹnìkan burú ju ìyẹn lọ láìpa á? Ìtìjú ni wọ́n wá lò. Bàbá lọ sápá kan, ìyá lọ sápá kan, ọmọ lọ sápá kan, wọ́n á gba aṣọ ọrùn wọn, wọ́n á kó yunifọ́ọ̀mù fún wọn. Ọkùnrin á máa fọ́ òkúta títì, tàbí kí wọ́n kó okùn ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó, tí ọ̀dà ti mú kó le gan, síwájú ẹ̀, kó máa fọwọ́ tú u ní fọ́nrán fọ́nrán. Ní workhouse ìlú Andover, egungun ẹran ni wọ́n ń gún fún ajílẹ̀, ebi wá pa wọ́n débi pé wọ́n ń fa mùdùnmúdùn egungun tó ti ń rùn jẹ. Ìròyìn ẹ̀ jáde ní 1845, ilé aṣòfin dá sí i, nígbà tó fi máa di 1847 wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ tó ń darí gbogbo ẹ̀ ká.

Ṣé ẹ̀wọ̀n ni?
Rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ lọ á sọ fún wọn, á kó ìyàwó àtọmọ, á máa lọ. Kó ṣáà bọ́ yunifọ́ọ̀mù sílẹ̀, torí tó bá wọ̀ ọ́ jáde, olè ni.

Ṣé gbogbo ẹni tí ò níṣẹ́ ló wọlé?
Ilé wọn ni ìrànwọ́ ti ń bá èyí tó pọ̀ jù. Lápá àríwá, tí fáktírì bá ti pa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń jókòó sílé lẹ́ẹ̀kan náà, ilé wo ló fẹ́ gbà wọ́n? Wọ́n wá ní kí ọkùnrin kọ́kọ́ fọ́ òkúta kó tó gba búrẹ́dì àti owó díẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà dí ọ̀nà òwú tí fáktírì aṣọ ń lò, tíṣẹ́ dá ní Lancashire lápá àríwá ibẹ̀, ìjọba yá àwọn ìlú lówó ní 1863 kí wọ́n fi gba àwọn èèyàn síṣẹ́ títì àti gọ́tà. Ọgbà ìgbafẹ́ Alexandra Park tó wà nílùú Oldham dòní, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Àwọn tó wá kún workhouse ni arúgbó, ọmọdé àti aláìsàn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tìtorí tiwọn ni wọ́n ṣe ṣòfin yẹn.

Obìnrin ńkọ́?
Òfin gbà pé gbogbo obìnrin ló lọ́kùnrin tó ń bọ́ ọ. Ọkọ bá wọlé, ìyàwó wọlé nìyẹn. Opó lè gba nǹkan nílé, àmọ́ ẹni tó lóyún tí ò lọ́kọ, inú ilé yẹn ló sábà ń já sí, nídìí ìfọṣọ.

Ṣé wọ́n lè kó wa síbẹ̀ báyìí?
Rárá. Wọ́n fagi lé e ní 1930, òfin aláìní fúnra ẹ̀ kú ní 1948. Ọ̀pọ̀ ilé náà ti di ọsibítù, àfàìmọ̀ kẹ́yin tẹ́ ẹ bímọ lọ́hùn-ún má ti sùn níbẹ̀.

Kí wá ni ká ṣọ́ra fún?
Ẹni tó ń gba Universal Credit, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tówó tó ń wọlé fún un ò tó, tí wọ́n kà sí ẹni tó lè ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń wáṣẹ́, tó bá pa ìpàdé wọn jẹ láìnídìí wọ́n lè gé owó ẹ̀. Tí físà yín bá ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ẹ̀ torí pé aládùúgbò ní òun náà gbà á, ó lè ba ìwé ìgbélùú yín jẹ́. Ẹ má wá torí ìyẹn sá fún ọsibítù o, NHS (ìtọ́jú ìlera ìjọba) àti ilé ìwé ìjọba tọ́mọ yín ń lọ ò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀, bẹ́ẹ̀ náà lowó National Insurance (owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́) tí wọ́n ń fún ẹni tó ti san tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ kíṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.