Bí Ìkarahun Ṣe Pa Ìtàn Òkun Tí Ó Tutù Mọ́

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi àwa tí a ń ka òkúta ni pé, báwo ni a ṣe mọ bí òkun ti gbóná tó nígbà tí kò tíì sí ènìyàn láyé? Inú ìkarahun ni a ti ń wá ìdáhùn. Bí ẹ̀dá inú òkun ṣe ń mọ ìkarahun rẹ̀ ní ìpele-ìpele, ó ń lo ọ́síjìn inú omi, èyí tí òmíràn nínú rẹ̀ fúyẹ́, tí òmíràn sì wúwo díẹ̀. Bí omi bá ṣe tutù tó ni ọ́síjìn wúwo ṣe ń pọ̀ tó nínú ìkarahun. Ní 1951, Harold Urey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọgbọ́n yìí yẹ belemnite kan wò, ẹ̀dá òkun tí ó ti di òkúta, wọ́n ka ìgbà òtútù àti ìgbà ooru tí ó hàn nínú àwọn ìpele rẹ̀, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni ó lò láyé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ń fa omi òkun, ọ́síjìn fúyẹ́ ni ó máa ń tètè bá oru lọ. Bí ó bá wá bọ́ sórí ilẹ̀, tí ó di yìnyín tí kò padà sínú òkun mọ́, ọ́síjìn wúwo ni yóò pọ̀ nínú omi tí ó ṣẹ́kù. Nítorí náà, ìkarahun kan náà lè máa sọ pé omi tutù, tàbí pé yìnyín pọ̀ lórí ilẹ̀, tàbí méjèèjì. Ohun tí ó tú kókó yìí ni kí a wo bí ọ́síjìn wúwo ṣe so mọ́ kábọ́nì wúwo tó nínú ìkarahun: òtútù ni ó ń mú kí wọ́n so pọ̀ sí i, yìnyín ìbáà pọ̀ tàbí kí ó kéré.

Ní 2011, Seth Finnegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀nà yìí fún ìkarahun láti erékùṣù Anticosti ní Kánádà, tí ó wà ní agbègbè olóoru nígbà náà, ní nǹkan bí 445 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ooru abẹ́ ilẹ̀ kò yí ìkarahun ibẹ̀ padà púpọ̀. Èyí tí ooru bá ti sè jinná máa ń tan ni jẹ. Wọ́n rí i pé òkun tí ó máa ń gbóná tó 32 sí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius fi nǹkan bí 5 rọlẹ̀ fún ìgbà kúkúrú. Sàhárà, tí ó wà nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù ayé nígbà náà, ni yìnyín bò. Ipa ibi tí ó ti ha àpáta ṣì wà ní Aljéríà.

Ní àsìkò náà, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀dá inú òkun ni ó run. Èmi kò gbà pé òtútù nìkan ni ó ṣe é. Yìnyín gbé omi mì, òkun fà sẹ́yìn, àwọn òkun tí kò jìn sì gbẹ mọ́ àwọn tí ń gbé inú wọn lórí. Àwọn brachiopod kan, ẹ̀dá òkun tí ó ní ìkarahun aláwẹ́ méjì, tilẹ̀ wà tí òtútù yìí bá lára mu, tí wọ́n tàn káàkiri. Nígbà tí yìnyín yọ́ tí omi sì tún gbóná ni ó kàn wọ́n.