Bí èdè Túrkì ṣe ń sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "feel"

Ẹni tó bá wá "feel" nínú ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Túrkì, hissetmek ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ hissetmek nìkan lèèyàn mú lọ sí Istanbul tàbí Ankara, wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì kó ohun tí ara ń mọ̀, ohun tí ọwọ́ ń yẹ̀ wò, ohun tó ń ṣe ọkàn, ìfura àti èrò ẹni sí. Túrkì pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yorùbá náà pín wọn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Túrkì máa gbé gbólóhùn rẹ̀ láti inú Yorùbá lọ tààrà, kó fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ebi ló ń pa wá, òtútù ló ń mú wa, ojú ló ń tì wá. Níbi tí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ báyìí, Túrkì náà sábà máa ń ní tirẹ̀, hissetmek kì í sì í sí níbẹ̀.

Ká tó kúrò lórí hissetmek, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe kàn án pọ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ìkọ̀wé ti ń wá. His jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ èdè Lárúbáwá. Etmek ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó túmọ̀ sí ṣe. Bí méjèèjì bá pàdé, s kan ṣoṣo á di méjì. Òfin tí Türk Dil Kurumu, àjọ èdè Túrkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1932, fi lélẹ̀ ni pé bí ìró bá yí padà nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá bá etmek pàdé, kí a kọ wọ́n pọ̀, bíi hissetmek, affetmek (dárí jì) àti kaybetmek (sọ nù). Bí ìró kò bá yí padà, kí a yà wọ́n: yardım etmek (ràn lọ́wọ́), fark etmek (ṣàkíyèsí). Ohun kejì ni t tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí fáwẹ́lì bá tẹ̀ lé e, á di d: hissediyorum, hissederim, hissedeceğim. Bí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀ lé e, á dúró bó ṣe wà: hissettim, hissetmiyorum. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ hissetiyorum àti hissedtim. Méjèèjì kò sí nínú èdè náà.

Ibi tí hissetmek ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ibi tí èèyàn ti ń sọ bí ara tàbí ọkàn òun ṣe rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ń fẹ́ àbọ̀. Kí lèèyàn ń mọ̀ lára? Ara rẹ̀ ni. Nítorí náà, kendi, tó dúró fún ara ẹni, gbọ́dọ̀ wọlé. "Kendimi iyi hissetmiyorum": ara mi ò yá. "Kendimi yalnız hissediyorum": ó ń ṣe mí bí ẹni tí kò léèyàn. Kendi máa ń yí padà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá yí padà: kendimi fún mo, kendini fún ìwọ àti fún òun, kendimizi fún àwa, kendinizi fún ẹ̀yin, kendilerini fún àwọn. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò fi hàn bóyá ìwọ tàbí òun ni kendini dúró fún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń yọ kendi kúrò báyìí, wọ́n á ní "iyi hissetmiyorum" lásán. Yóò yé olùgbọ́, ṣùgbọ́n olóòtú tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ á dá kendimi padà, ẹni tó bá sì ń múra ìdánwò kò gbọdọ̀ fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀: sen ni fún ẹgbẹ́ ẹni, siz ni fún àgbà àti àlejò, bíi ìwọ àti ẹ̀yin gẹ́lẹ́. Àgbàlagbà ni a ń bi ní "Kendinizi nasıl hissediyorsunuz?", báwo ni ara yín ṣe rí.

Ìsòrí tó gbòòrò jù, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń bàjẹ́ jù, ni ti ohun tó ń ṣe ara. Òtútù ń mú mi ni "üşüyorum", ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan á sọ pé "soğuğum", ohun tí ará Túrkì yóò sì gbọ́ ni pé ìwà onítọ̀hún tutù, kò yá mọ́ èèyàn. Ooru mú mi ni "sıcakladım". Ẹ̀rù ń bà mí ni "korkuyorum", ojú tì mí ni "utandım". Oorun ń kùn mí ni "uykum geldi", ìyẹn ni pé oorun mi ti dé. Èèyàn lè sọ pé "korku hissediyorum" lóòótọ́, àmọ́ ó ń dún bí ọ̀rọ̀ inú ìwé tàbí ọ̀rọ̀ onímọ̀ ìlera ọpọlọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ajá ń lé.

Nínú ìsòrí yìí kan náà, ìgbà tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń tọ́ka sí máa ń kọ́ni lẹ́sẹ̀. Ebi ń pa mí ni "acıktım", òùngbẹ ń gbẹ mí ni "susadım", ó rẹ̀ mí ni "yoruldum", mo yó ni "doydum", nǹkan ti sú mi ni "sıkıldım". Gbogbo wọn ló wà ní ìparí -dı (tó lè di -tı tàbí -du) tó ń tọ́ka sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìdí ni pé Túrkì ń wo ìgbà tí ipò náà wọ ara: ebi ti wọlé, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé "acıkıyorum" ń sọ pé ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pa òun, tàbí pé ó máa ń pa òun. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó ṣòro fún láti gbà, nítorí kò sẹ́ni tó ń jẹun tán tó ń sọ pé òun "ń yó". Mo yó la ń sọ, ó ti parí.

Ilé ìwòsàn ni ibi tí ìmọ̀ yìí ti ń wúlò jù. Dókítà kì í sábà fi hissetmek bẹ̀rẹ̀. Ohun tí yóò bèèrè ni "Neyiniz var?", kí ló ń ṣe yín, tàbí "Şikâyetiniz nedir?", kí lẹ ń ráhùn lé lórí. Ìdáhùn tó bọ́ sójú ọ̀nà á dárúkọ ẹ̀yà ara, á sì fi àmì ẹni tó ni ín sí i: baş ni orí, başım ni orí mi, mide ni ikùn tó ń gba oúnjẹ, midem ni tèmi. "İki gündür başım ağrıyor": ó di ọjọ́ méjì báyìí tí orí ti ń fọ́ mi. "Midem bulanıyor": èébì ń gbé mi. "Başım dönüyor": òòyì ń kọ́ mi. "Ateşim var": ara mi gbóná. "Halsizim": kò sí okun lára mi. "Ayağım uyuştu": pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀. Ẹ wò ó, orí àti ikùn ni olùwà gbólóhùn, aláìsàn kò dárúkọ ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Yorùbá ń sọ pé orí ń fọ́ mi, ó ṣì ń fi mi sí ìparí. Túrkì ti fi mi há ara orí. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún lọ fi beni (mi) tàbí bana (fún mi) kún un, gbólóhùn á dàrú. Ìgbà tí dókítà bá wá ń tẹ ikùn aláìsàn, "Acıyor mu?" ni yóò máa bi í, ṣé ó ń dùn yín. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú ni hissetmek tó dé: "Bunu hissediyor musunuz?", ṣé ẹ mọ èyí lára? Bí ara bá ti kú lóòótọ́, ìdáhùn ni "Hissetmiyorum."

Ti ọwọ́ náà ní òfin tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Dokunmak ni kí ọwọ́ kan nǹkan, ó sì ń fẹ́ àfòmọ́ -e tàbí -a lẹ́yìn ohun tí a fọwọ́ kàn: "kumaşa dokundum", mo fọwọ́ kan aṣọ náà. Ẹni tó bá gbàgbé, tó fi àfòmọ́ àbọ̀ sí i, tó wá jẹ n kan, "kumaşı dokudum" ló ń sọ yẹn, mo hun aṣọ náà, nítorí dokumak ni híhun. "Kumaş dokundu" pẹ̀lú lè jẹ́ pé wọ́n hun aṣọ. Ní ìsọ̀ aláṣọ, létí ẹni tó mọ iṣẹ́ híhun, àṣìṣe yìí kì í ṣe kékeré. Dokunmak tún ń wọ inú oúnjẹ: "süt bana dokunuyor", wàrà kì í bá mi lára mu, ó sì ń wọ ọkàn: "sözlerin bana dokundu", ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Ellemek ni kéèyàn máa fọwọ́ pa nǹkan tàbí kó máa fọwọ́ bà á. "Elleme!" ni ìyá ń sọ fún ọmọ tó fẹ́ fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kéèyàn ṣọ́ra láti lò ó fún ènìyàn, nítorí ó lè túmọ̀ sí ìfọwọ́kàn àìtọ́. Yoklamak ni kéèyàn máa fọwọ́ wá nǹkan: "cebini yokladı", ó fọwọ́ wá inú àpò rẹ̀. Yoklama tí olùkọ́ ń ṣe láti mọ ẹni tó wá sí kíláàsì jáde láti inú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí aṣọ bá wá rọ̀ lọ́wọ́, Gẹ̀ẹ́sì á fi aṣọ ṣe olùwà "feel". Ní Túrkì, "kumaş yumuşak hissediyor" ń sọ pé aṣọ fúnra rẹ̀ ló ń mọ nǹkan lára. Ohun tó tọ́ ni "kumaş yumuşak", aṣọ náà rọ̀, tàbí "ele yumuşak geliyor", ó rọ̀ lọ́wọ́. Nínú ìpolówó ọjà tí wọ́n túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, "yumuşak hissettiriyor" ti ń pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí Túrkì òun já gaara kó yẹra fún un.

Duymak ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yóò fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Gbọ́ ni: "Sesini duydum", mo gbọ́ ohùn rẹ. Bí gbọ́ tiwa ṣe ń gbọ́ òórùn, "koku duymak" wà nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "koku almak" ni wọ́n ń sọ jù ní ìgboro. Láti ibẹ̀ ló ti wọ inú ọkàn. Ọ̀wọ̀, ìyangàn, àbámọ̀ àti àìní, duymak ló ń bá wọn rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àfòmọ́ tó ń béèrè. "Sana saygı duyuyorum", mo bọ̀wọ̀ fún ọ, -a ló gbà. "Seninle gurur duyuyorum", mo ń fi ọ́ yangàn, -le ló gbà. "Yaptığımdan pişmanlık duyuyorum", mo kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe, -dan ló gbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ há ọ̀rọ̀ àti àfòmọ́ rẹ̀ sórí pa pọ̀, torí kò sí òfin tó lè fi mọ èyí tó kàn. Ìdílé duymak yìí náà ni duygu, ìmọ̀lára, àti duyu, tí beş duyu jẹ́ agbára márùn-ún tí a fi ń ríran, gbọ́ràn, gbóòórùn, tọ́ nǹkan wò àti fọwọ́ kàn. Duyumsamak tún wà, tí àwọn òǹkọ̀wé ń lò dípò hissetmek, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀ òpópónà kì í sọ ọ́.

Bí ara bá funi pé nǹkan ń bọ̀, sezmek ni: "tehlikeyi sezdi", ara fu ú pé ewu wà. Bó bá jẹ́ èrò lásán, hissetmek kò yẹ níbẹ̀. "Bence bu yanlış", lójú tèmi, èyí ò tọ́. Bó bá jẹ́ ohun tó ń wù wá ní jíjẹ tàbí mímu, ẹ̀mí ló ń fẹ́ ẹ: "Canım çay istiyor", tíì ń wù mí. Bó bá jẹ́ pé ẹkún fẹ́ bọ́ tàbí ẹ̀rín fẹ́ pani, Túrkì ní àfòmọ́ kan tó dára gan-an fún un: "ağlayasım geldi", ó ṣe mí bíi kí n sunkún, "gülesim geldi", ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àánú ni kéèyàn ṣọ́ra fún. "Sana acıyorum" ń fojú tín-ín-rín ẹni tí a ń bá kẹ́dùn, ó lè dá ìjà sílẹ̀. "Geçmiş olsun" ni a ń sọ fún aláìsàn, "Başın sağ olsun" fún ọ̀fọ̀.

Nínú ìròyìn, hissedilmek, tí olùwà rẹ̀ jẹ́ ohun tí a mọ̀ lára, ló gbòde. Lórí ìròyìn ojú ọjọ́, ìwọ̀n ooru lè jẹ́ 33°C, kí wọ́n kọ 38 sí ẹ̀gbẹ́ "hissedilen sıcaklık", ìyẹn ooru tí ara ń mọ̀ nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Ilẹ̀ tó mì tìtì ní Kahramanmaraş, ìlú kan ní ilẹ̀ Túrkì, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2023, àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánónì náà mọ̀ ọ́n lára. Hissedildi ni ọ̀rọ̀ tí Túrkì ń lò fún irú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó jọ wọ́n tí kì í ṣe ẹbí wọn. Hisse, tí òun náà wá láti Lárúbáwá ṣùgbọ́n láti ìdí mìíràn, ni ìpín ẹni nínú nǹkan. Hisse senedi ni ìwé ìpín ìdókòwò ní ilé iṣẹ́. Hissedar ni ẹni tó ní ìpín níbẹ̀, nígbà tí hisseder jẹ́ ó máa ń mọ̀ ọ́n lára. Fáwẹ́lì kan péré ló yà wọ́n, nítorí náà kí ẹni tó bá ń ka ìwé àdéhùn ilé iṣẹ́ wo ìparí ọ̀rọ̀ náà dáadáa kó tó túmọ̀ rẹ̀.