Kò sí oògùn tí yóò sọ arúgbó adìẹ di sìsí

Lóṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ló gbé adìẹ sínú apẹ̀rẹ̀ wá bá mi: "Dókítà, ẹ fún un lóògùn kó padà máa yé." Kí ni mo fẹ́ fún un? Adìẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ní bí oṣù márùn-ún, tó bá ti kọjá ọdún kan ààbọ̀, ẹyin rẹ̀ á máa tóbi, èèpo rẹ̀ á máa fẹ́lẹ́, iye rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀. Àmọ́ ẹnu kì í dákẹ́. Ẹyọ kan ń jẹ nǹkan bí 110 sí 120 gíráàmù oúnjẹ lójúmọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ iye tí wọ́n ń ta àpò fíìdì.

Ẹ fọwọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí ìka méjì tàbí mẹ́ta bá gba àárín egungun méjèèjì tó wà níbẹ̀, ó ṣì ń yé. Bó bá jẹ́ ìka kan, tí ihò ìdí gbẹ, tí ogbe orí rẹ̀ sì súnkì, ẹ tà á tàbí kẹ́ ẹ sè é. Ara rẹ̀ le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fọ́ sínú ọbẹ̀ bíi bùrọ́ílà. Èyí tó ń pààrọ̀ ìyẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ ní sùúrù fún, ó lè tún yé lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta.

Bí abo bá sì ń kọ bí àkùkọ, ẹ má wulẹ̀ pe wòlíì. Ilé ẹyin kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lára adìẹ, ti apá òsì. Bí àìsàn bá bà á jẹ́, ìwà akọ lè yọ jáde. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀.

Kápúsù ni ìjà tèmi. Ọdún mẹ́fà la fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko yìí ní yunifásítì, aládùúgbò kan á wá ní kẹ́ ẹ tú tẹtirasáíkílìn, oògùn apakòkòrò tí èèyàn ń lò, sínú omi adìẹ! Oògùn yẹn ń wọ ẹyin, ó ń wọ ẹran, iná ọbẹ̀ kì í sì í pa gbogbo rẹ̀. Oògùn adìẹ gidi ní iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kẹ́ ẹ tó jẹ ẹran tàbí ẹyin rẹ̀. Ta ló kọ iye ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sára kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tiyín? Kòkòrò àìsàn tí ẹ sì fi díẹ̀díẹ̀ kọ́ ní oògùn lónìí, ó lè má gbọ́ oògùn mọ́ lọ́la.

Màmá kan ní Abẹ́òkúta ní adìẹ mẹ́fà. Mẹ́ta ti dáwọ́ ẹyin dúró, ló bá ń tú kápúsù sómi láràárọ̀. Ọ̀kan kú, mo la ikùn rẹ̀: pupa ẹyin tó ti bàjẹ́ ló kún ibẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ẹyin àwọn tó ń yé ńkọ́? Ta lẹ ń tà á fún?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò tà á o, Dókítà. Ọmọ-ọmọ mi ni mò ń sè é fún, kó lè lókun."

Mo gbé agbada omi náà, mo sì dà á nù fúnra mi.